Bí A Ṣe Ń Fi Iná Ìkìlọ̀ Síbi Táwọn Ọmọ Wa Ti Ń Sọdá Títì

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ níléèwé àbí tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù létí títì. Rẹwáyà ni mí, iná sólà ni mò ń so jù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbá ọmọ kékeré kan níwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa ní Ṣàgámù. Ọmọ náà ò kú, a dúpẹ́, àmọ́ itan ẹ̀ ṣẹ́, ó sì pẹ́ nílé kó tó padà síléèwé. Oníkẹ̀kẹ́ yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó ń sunkún, ó ní òun ò rí i, mo sì gbà á gbọ́, torí nígbà tí mo lọ dúró síbẹ̀ fúnra mi lọ́jọ́ kejì mo rí i pé bọ́ọ̀sì tó máa ń páàkì síbẹ̀ láàárọ̀ ló bo ọmọ náà mọ́lẹ̀, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí síta ni kẹ̀kẹ́ dé. Àtìgbà yẹn ni mo ti sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí gbọ́dọ̀ wúlò níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iná ìkìlọ̀ ní, pé kó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé èèyàn wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Tó bá ń sọ ọ́ nígbà tí ò séèyàn, irọ́ ló ń pa, dẹ́rẹ́bà ò sì ní gbà á gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tó bá ń sọ òótọ́.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ dúró létí títì kẹ́ ẹ máa wo. Mi ò sọ wákàtí kan o, ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò, aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, àti ìrọ̀lẹ́ táwọn ìyá ń bọ̀ lọ́jà. Mo mú ìwé, mo ń fa ìlà fún gbogbo ẹni tó bá sọdá àti ibi tó ti sọdá gan-an. Gbogbo wa la ti rò pé iwájú géètì iléèwé ni, irọ́ ni, ọ̀dọ̀ màmá tó ń ta bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọdá, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi pákó gba orí gọ́tà kọjá, géètì sì tó ìwọ̀n ogójì ẹsẹ̀ rìn síbẹ̀. Ká ní géètì la gbé iná sí, kò séni tó máa lọ síbẹ̀ lọ tẹ nǹkan kan. Èèyàn kì í rìn lọ rìn bọ̀ kó tó sọdá, ọ̀nà tó yá ló máa gbà, àgbà ń ṣe é, ká má wá sọ ọmọdé. Torí náà ibi tí ẹsẹ̀ ti là á sílẹ̀ lẹ máa gbé iná lọ, àfi tójú ò bá ríran níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kójú ríran yìí, ìṣirò wà nídìí ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí, tó jẹ́ òdiwọ̀n táwọn Road Safety fún ọkọ̀ kékeré láàárín ìlú, ń lọ bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí dẹ́rẹ́bà tó rí nǹkan, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ti lọ, ìyẹn mítà 21 tí ọkọ̀ ti fi lọ láì tíì dín eré kù rárá. Bíréèkì fúnra ẹ̀ á tún gbà tó mítà 16 tí ilẹ̀ bá gbẹ tí táyà sì dáa. Àpapọ̀ ẹ̀ mítà 37. Tójò bá rọ̀ tí táyà sì ti pá, ẹ ka mítà 50 lọ sókè. Tó bá wá jẹ́ 80 ni wọ́n ń sá, ó lé ní 70 nílẹ̀ gbígbẹ. Fún ìdí yìí mo máa ń sọ pé kí dẹ́rẹ́bà lè rí iná yẹn láti mítà 100, kó má baà di pé a ń ṣìrò lórí ẹ̀mí èèyàn.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: mo so aṣọ pupa mọ́ igi kan tí ò ga ju mítà kan lọ, ìyẹn gíga ọmọ kékeré, mo ní kí àgbàlagbà kan dì í mú létí títì, èmi wá rìn padà sẹ́yìn láti ìhà méjèèjì, mo ń ka ẹsẹ̀. Tí mo bá pàdánù aṣọ yẹn, mo wo ohun tó bò ó. Ẹ̀ka igi, ẹ gé e. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àbí ti oníṣòwò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un. Ọkọ̀ tó páàkì, ẹ wá ibòmíì fún wọn, kẹ́ ẹ má kàn lé wọn, torí wọ́n á padà wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọmọdé ṣe ìdánwò yìí láéláé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí náà: ẹ má gbé irú iná yìí lọ sórí títì márosẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, àbí ti Èkó sí Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti pàdé ní interchange wa, ẹ mọ eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀. 100 ni òfin fún ọkọ̀ kékeré, wọ́n sì ń kọjá ẹ̀. Iná kékeré kan ò lè dá tírélà dúró níbẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ló tọ́ síbẹ̀, òun lẹ jẹ́ ká máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba. Iná tí mò ń sọ yìí, ọ̀nà inú ìlú ni tiẹ̀, irú èyí tó gba Mákun ní Ṣàgámù kọjá, irú ti àárín Ìjẹ̀bú-Òde, ti Ìkẹ́nnẹ́, ti Ìpẹru.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Títì kì í ṣe tiwa, a ò lè dédé gbẹ́ ilẹ̀ ka ri póòlù síbẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ni ọ̀nà náà kọ́kọ́, bóyá ìjọba àpapọ̀ ni, ti ìpínlẹ̀ ni, àbí ti káńsù. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló kọ lẹ́tà tiwa, hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí i, a mú un lọ sí káńsù, a fún TRACE, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní kọ́pì, a fún Road Safety náà. Ẹ fi bébà tẹ́ ẹ fi ka èèyàn sínú lẹ́tà náà, ó níyì ju ẹ̀bẹ̀ lásán lọ. A tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bíi mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 èèyàn ló ń kú lójú títì láyé lọ́dọọdún, tó sì jẹ́ pé ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Ó gba sùúrù o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ ká tó gba bébà.

Ó yá, iná gan-an.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù lọ́wọ́ rèé. Èyí tí mo kọ́kọ́ so, mo jẹ́ kó máa ṣẹ́jú tọ̀sán tòru, mo rò pé bó bá ṣe ń ṣẹ́jú tó ló ṣe máa dáàbò bò wá tó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ gbogbo ọkọ̀ ń dẹwọ́ eré. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ń kọjá lára ẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára igi àgbálùmọ̀. Mo bi ọlọ́kadà kan léèrè, ó ní, ẹ̀gbọ́n, iná yẹn máa ń tàn ṣáá ni, a ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tú u lọ́jọ́ kejì, mo fi bọ́tìnnì sí i, kó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa tàn. Ìyàtọ̀ ẹ̀ hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí dẹ́rẹ́bà tó bá ti rí i tó ń ṣẹ́jú, èèyàn ló máa bá lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Nílùú òyìnbó náà, wọ́n ti ń fi yẹ́lò kìlọ̀ níbi ìsọdá tipẹ́. Láti 1934 ni wọ́n ti ní gílóòbù róbótó aláwọ̀ yẹ́lò lórí póòlù ní Britain, orúkọ mínísítà ìrìnnà wọn, Leslie Hore-Belisha, ni wọ́n fi ń pè é títí dòní, ìlà funfun zebra wá tẹ̀ lé e ní 1951. Èyí tó jọ tiwa jù wà ní Amẹ́ríkà, irú kan tó jẹ́ iná LED onígun mẹ́rin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó máa ń bú yẹ̀rì-yẹ̀rì tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, RRFB ni wọ́n ń pè é, àjọ ojú ọ̀nà wọn sì sọ pé ó lè dín jàǹbá ẹlẹ́sẹ̀ kù títí dé ìdá 47 nínú 100. Tiwa ò tó tiwọn, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni.

Yẹ́lò ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má lo pupa, ìtumọ̀ pupa ni dúró, ìjọba ló láṣẹ láti fìyẹn síbẹ̀. Kó máa ṣẹ́jú bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má jẹ́ kó yára kọjá ààlà, torí iná tó bá ń ṣẹ́ ní ìgbà 5 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè dá gìrì wárápá sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Ẹ wọn fífẹ̀ títì. Tiwa jẹ́ mítà 8. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣírò ẹsẹ̀ èèyàn, ó lé díẹ̀ ní mítà kan, àmọ́ mo tẹ̀ lé ìyá àgbà kan tó ru agbada gàrí sórí, mo fi fóònù ka aago, kò tó mítà kan rárá, 0.8 ni. 8 pín sí 0.8, ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ fi bíi 8 sí i káwọn ọkọ̀ ráàyè dúró, ẹ fi 7 sí i fún ẹni tí bàtà ẹ̀ bá bọ́ láàárín títì. Mo sẹ́ẹ̀tì táímà sí 25.

Àwọn kan máa sọ pé ká lo sẹ́ńsọ̀ kó lè máa tàn fúnra ẹ̀. Mo ti dán an wò. Èyí tó ń mọ ooru ara, PIR, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ara àti ooru àyíká ló ń wò, nígbà tí oòrùn ọ̀sán oṣù kejì bá wá mú gan-an tí ilẹ̀ gbóná bí ara èèyàn, kò ní rí yín dáadáa mọ́, ewúrẹ́ á sì máa tan án láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ tutù. Èyí tó ń lo rédíò láti mọ ohun tó ń rìn, ọ̀kadà tó bá ń kọjá á máa tan án. Ẹ ti rí i pé irọ́ la tún padà sí. Bọ́tìnnì ni mo fara mọ́, bọ́tìnnì irin ńlá tí omi ò lè wọ̀, kó wà ní ìwọ̀n mítà kan sílẹ̀ kí ọmọ aláfáábẹ́ẹ̀tì lè tẹ̀ ẹ́, kẹ́ni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ náà lè nawọ́ kàn án. Ẹ so aago kékeré tó ń dún mọ́ ọn fún ẹni tójú ẹ̀ ò ríran, kó dún tó kó gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ póòlù, kó má sì di wàhálà fáwọn tó ń gbé nítòsí.

Póòlù méjì ni, ìhà kọ̀ọ̀kan ọ̀kan, iná méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè kọjú sọ́tùn-ún sósì. Tí wọ́n bá tẹ ọ̀kan, méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn pọ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ la títì fi gba wáyà, wọn ò ní gbà fún yín, rédíò kékeré oní-433 MHz tí ò lo wáyà ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ lára tiwa.

Ẹ̀yin rẹwáyà ẹgbẹ́ mi, ìṣirò agbára rèé fún póòlù kan. Iná méjì oní-wáàtì 5, ó di 10. Mo ka á pé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 300 lóòjọ́, lọ́nà ìṣẹ́jú àáyá 25, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì, nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 21. Rédíò àti bọ́ọ̀dù tó ń dúró dè é tọ̀sán tòru, ẹ fi 12 sí i. Ó di 33. Bátìrì lithium oní-fólùtì 12.8, 20Ah, máa gbé bíi wáàtì-wákàtí 256, tẹ́ ẹ bá lo ìdá 80 nínú 100 ẹ̀ péré, ó ju 200 lọ, ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn láìrí oòrùn rárá. Pánẹ́ẹ̀lì 50 wáàtì tó fún un. Ẹ̀yin náà mọ òjò oṣù kẹfà àti ìkeje ní Rẹ́mọ, mo ka wákàtí méjì oòrùn tó dáa péré fún ìgbà yẹn, ó ṣì ń mú ju ìlọ́po méjì ohun tó ń jẹ wá lọ. Ẹ má lo bátìrì ògbólógbòó tí wọ́n yọ lára inverter, ẹ̀mí ọmọ la fẹ́ fi í ṣọ́.

Ẹ gbé bátìrì lọ sókè, inú àpótí irin tí wẹ́dà ti jó mọ́ póòlù, torí olè. Kí ihò wáyà kọjú sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí i pátápátá, èèrà àti ọmọńlé fẹ́ràn inú àpótí yẹn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, mo ti ṣí ọ̀kan rí tí ẹyin ọmọńlé kún orí bọ́ọ̀dù. Ìsàlẹ̀ iná kó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, kí ẹrù orí màmá kankan má baà kàn án. Ẹ jẹ́ kí síméǹtì lo ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà. Ọ̀dà ojú títì tó ní ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wínníwínní nínú lẹ máa bèèrè, tí iná ọkọ̀ bá kàn án lálẹ́ ó máa ń tàn padà, ọ̀dà ilé lásán ò lè lo òjò kan. Ẹ fa ìlà ibi tí ọkọ̀ máa dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí zebra. Ìdí ẹ̀ ni pé ọkọ̀ kejì wà lára ohun tó ń pa ọmọ níbi ìsọdá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti dúró, ó ti fọwọ́ juwọ́ sí ọmọ pé kó máa lọ, ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ rò pé ó fẹ́ gbé èrò ni, ó yà á sílẹ̀, ó já lu ọmọ. Tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá dúró jìnnà, àwọn méjèèjì á rí ara wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí owó gbé iná àṣálẹ́ síbẹ̀, ẹ má gbé e sórí zebra gan-an àbí ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, bíi ẹsẹ̀ bàtà 10, láti ìhà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ bà lójú ẹni tó ń sọdá. Tó bá wà lẹ́yìn, òjìji dúdú lásán ni dẹ́rẹ́bà máa rí.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ. A lo àárọ̀ ọjọ́ Ajé mẹ́ta lórí pápá iléèwé, a fi okùn ṣe títì, olùkọ́ kan ń ṣe dẹ́rẹ́bà. Bọ́tìnnì kì í dá ọkọ̀ dúró, ohun tí mo tẹnu mọ́ nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró, ẹ wo táyà títí kò fi ní yí mọ́, ẹ wo ojú dẹ́rẹ́bà, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ má sáré. Òsì lẹ máa kọ́kọ́ wò, torí òsì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń bọ̀ wá bá yín. Àwọn ìyá àgbà kan máa ń sọ fọ́mọ pé kó wo ọ̀tún kọ́kọ́, wọn ò jẹ̀bi, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ ń gba apá òsì nílẹ̀ wa, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 la yí i padà sí ọ̀tún. Àmọ́ kí wọ́n ṣì wo ọ̀tún náà dáadáa, nítorí àwọn ọlọ́kadà tó ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn. Àwa náà lọ sí gáréèjì wọn, a bá alága wọn jókòó, a ṣàlàyé ohun tí iná náà ń sọ. Ìjókòó yẹn ṣiṣẹ́ ju pátákó mẹ́wàá lọ. Ẹ lẹ nọ́ńbà Road Safety mọ́ ara póòlù, 122, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ èrò ńlá, ẹ má gbára lé iná rárá. Ẹ wo Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin, ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi, mọ́tò, ọmọdé, tí wọ́n bá ń tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ yẹn iná ò ní sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Èèyàn tó wọ ẹ̀wù tó ń tàn, tó di àsíá mú, tó sì fi okùn dá èrò dúró ló yẹ ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ tẹ méjèèjì wò. Mo máa ń nu pánẹ́ẹ̀lì, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bò ó, mo máa ń wo bóyá ẹ̀ka igi ti tún hù bò ó. Màmá oníbọ́ọ̀lì ní nọ́ńbà mi, òun ló máa ń kọ́kọ́ pè mí tí nǹkan bá bàjẹ́. Tí iná bá kú, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dọ̀la. Ọmọ tó ti mọ̀ pé tí òun bá tẹ̀ ẹ́ ọkọ̀ á dúró máa tẹ̀ ẹ́, á sì bọ́ sójú títì, dẹ́rẹ́bà ò ní rí nǹkan kan. Mo ní àpò gàrí méjì nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo gé fún iṣẹ́ yìí, mo máa ń fi wọ́n bo iná àti bọ́tìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, olùkọ́ kan á wá mú àsíá pupa dúró síbẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án títí màá fi tún un ṣe.